Ẹ̀ṣọ́ Inú Ẹ̀dọ̀ Wa àti Àgbàdo Tó Ti Bu

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni mo gbé wá lónìí, nítorí pé ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ń pa ènìyàn jù lọ láyé. Ní ọdún 2020 nìkan, àwọn tó ń ṣírò iye aláìsàn jẹjẹrẹ káàkiri àgbáyé sọ pé àwọn tí wọ́n rí àrùn yìí lára wọn tó nǹkan bí 900,000, àwọn tó sì bá a lọ tó nǹkan bí 830,000. Ẹ wo bí iye méjèèjì ṣe súnmọ́ra. Ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀ kì í sábà pẹ́, torí pé ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Kí ikùn tó wú, kí ojú tó pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, kí ara tó máa rù, àrùn náà ti ta gbòǹgbò. Àmọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí àmì kan nínú ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn yìí, àmì tí kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ, tó sì ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n ti ń jẹ láti ọdún gbọọrọ sẹ́yìn. Mo fẹ́ fi àmì yẹn ṣe ẹ̀rí pé inú àká àti inú yàrá ìgbẹ̀bí ni a ti lè dá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ dúró nílẹ̀ wa, àti pé ibẹ̀ ló yẹ kí owó àti ìsapá wa kọ́kọ́ lọ.

Jẹjẹrẹ kì í ṣe kòkòrò kan tó tòde wọlé. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni ló yàyàkuyà. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ kan wà tí a ń pè ní DNA, lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́, A, C, G àti T. Abala kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ náà tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ ni jíìnì. Àwọn jíìnì kan ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó pín sí méjì. Àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ kí wọ́n dá a dúró bí ó bá fẹ́ ṣe àṣejù. Àwọn ìkejì yìí ni mo ń pè ní ẹ̀ṣọ́. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni TP53, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì sì ń fi í ṣe ni p53. Bí nǹkan bá ba DNA jẹ́, p53 á ní kí sẹ́ẹ̀lì dúró ná, kí àtúnṣe lè wáyé. Bí ìbàjẹ́ náà bá kọjá àtúnṣe, á pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni irú ikú bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀mí wa là láìjẹ́ pé a mọ̀. Níbi tí p53 kò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ á máa pín nìṣó, àwọn ọmọ rẹ̀ á jogún ìbàjẹ́ náà, wọn á sì fi tiwọn kún un.

Ọ̀tọ̀ ni kí jíìnì wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa ṣiṣẹ́. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ní TP53, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ka ohun tí a kọ sínú rẹ̀, kó sì fi í ṣe p53, kí ẹ̀ṣọ́ tó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà mìíràn, jíìnì ẹ̀ṣọ́ kan lè pé pérépéré, kí lẹ́tà inú rẹ̀ má yí padà rárá, àmọ́ kí àwọn èròjà wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára tí sẹ́ẹ̀lì kò fi ní lè kà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́ mìíràn tó ń jẹ́ p16 nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á ka jíìnì, á ṣe p53, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B ti wà níbẹ̀. Kòkòrò yìí ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní HBx, tó máa ń rọ̀ mọ́ p53 tí kò ní jẹ́ kó rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Èyí tó wá burú jù ni kí lẹ́tà inú jíìnì gan-an yí padà, kí p53 tí ó ń jáde wá má wúlò mọ́.

Ọ̀nà ìkẹyìn yìí ló rú àwọn onímọ̀ lójú fún ọdún mẹ́wàá. Ọdún 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ rí p53, wọ́n sì ń rí i lọ́pọ̀ yanturu nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ohun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú jẹjẹrẹ, kí ni à bá tún rò bí kò ṣe pé òun ló fà á? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kà á mọ́ àwọn ọ̀daràn, títí di ọdún 1989, nígbà tí Bert Vogelstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore, pẹ̀lú Arnold Levine àti àwọn tirẹ̀ ní Princeton, fi hàn pé ẹ̀ṣọ́ ni. Èyí tó pọ̀ rẹpẹtẹ nínú jẹjẹrẹ jẹ́ p53 tó ti bàjẹ́, tí sẹ́ẹ̀lì kò tètè kó dànù bó ṣe ń kó ojúlówó. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé pípọ̀ ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ìṣọ́ ń lọ. Dókítà tó bá fẹ́ mọ bí jíìnì ẹ̀ṣọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ bèèrè iye tó wà níbẹ̀, kó sì tún bèèrè bóyá èyí tó wà níbẹ̀ pé.

Nígbà tó di ọdún 1991, èsì ìwádìí méjì jáde pọ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Ọ̀kan dá lórí àwọn aláìsàn láti Qidong, ní ẹnu odò Yangtze ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, èkejì dá lórí àwọn aláìsàn láti gúúsù Áfíríkà. Òkun ńlá ló pààlà sí àárín ibi méjèèjì. Oúnjẹ wọn, èdè wọn, ìran wọn, kò bára mu. Síbẹ̀, àbùkù kan náà ló wà nínú TP53 wọn, ní ojú kan náà. Nínú jẹjẹrẹ 16 tí wọ́n yẹ̀ wò láti Qidong, 8 ló ní i: ní ipò 249, níbi tí ó yẹ kí AGG wà, AGT ni wọ́n bá. Lẹ́tà G kan ti di T. Ipò 393 ló wà nínú àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe p53, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àbùkù sì lè bọ́ sí. Kí ìdajì àwọn aláìsàn pàdé ní ojú kan ṣoṣo kì í ṣe èèṣì. Nígbà tí wọ́n wá wo ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ní Yúróòpù àti Japan, wọ́n rí àbùkù TP53 níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó fọ́n káàkiri ni, èyí tó wà ní ipò 249 sì ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, kí ni ohun tó wà ní Qidong, tó wà ní gúúsù Áfíríkà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ní Yúróòpù?

Oúnjẹ tó bu ni. Ìyẹn mú wa padà sí ọdún 1960 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọmọ tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàrin oṣù díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó pa wọ́n. Wọ́n wá a títí wọ́n fi bá a nínú oúnjẹ wọn, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí wọ́n kó wá láti Brazil. Ohun kan tó bá olú tan, Aspergillus flavus ni orúkọ rẹ̀, ti hù lára ẹ̀pà náà, ó sì ti tu májèlé sí i. Aflatoxin ni wọ́n sọ májèlé ọ̀hún. Ibi tí ooru bá ti mú, tí ọ̀rinrin sì wà, ni ohun yìí ti ń gbilẹ̀: lára àgbàdo, lára ẹ̀pà, lára ẹ̀gúsí, kódà àwọn olùwádìí ti rí i nínú ègé iṣu gbígbẹ tí a fi ń ṣe èlùbọ́ ní ọjà Nàìjíríà. Ohun tó báni nínú jẹ́ ni pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ májèlé náà di aburú. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni kó máa yí májèlé padà kí ara lè lé e jáde. Bó ṣe ń gbìyànjú láti yí aflatoxin padà, á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà G nínú DNA. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wá fẹ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀, á ṣi G náà kà, á kọ T sípò rẹ̀. G di T, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bá a ní Qidong.

Olùgbọ́ kan lè sọ pé nǹkan méjì tó ń rìn pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló bí èkejì. Òótọ́ ni, ìbéèrè tó yẹ ni. A sì gbọ́dọ̀ gbà pé aflatoxin kì í lẹ̀ mọ́ ipò 249 nìkan. Ó ń lẹ̀ mọ́ G ní ibòmíràn nínú jíìnì náà pẹ̀lú. Àmọ́ àwọn olùwádìí kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fi aflatoxin sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn nínú yàrá àyẹ̀wò, G sì di T ní ipò 249 lójú wọn. Ó sì jọ pé sẹ́ẹ̀lì tó bá gba àbùkù yìí máa ń gbèrú ju àwọn tó gba ti ibòmíràn lọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kó parẹ́ mọ́ àwọn tó kù lára. Ní Gambia, wọ́n tún rí DNA tó ní àbùkù yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kẹ́míkà inú yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀dọ̀ aláìsàn ní Éṣíà, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ohùn wọn ṣọ̀kan. N kò mọ ẹ̀sùn púpọ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró gbọn-in tó báyìí.

Aflatoxin kò sì dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ìwádìí kan wáyé ní Shanghai lára ọkùnrin tó lé ní 18,000, èsì rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹni tí aflatoxin wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ ní ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní ìlọ́po 3 ẹni tí kò ní nǹkankan. Ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B ní i ní ìlọ́po 7. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ẹnikẹ́ni á retí mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n rí lára àwọn tó ní méjèèjì jẹ́ ìlọ́po 59. Ẹ tún ọ̀rọ̀ p53 rò, ìdí rẹ̀ á hàn. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú di ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ mú, májèlé sì ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀. Mẹ́dọ̀wú tún ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, àwọn tó kù á máa yára pín láti dípò àwọn tó kú, bí wọ́n bá sì ti ń yára pín ni àṣìkọ ń pọ̀ sí i. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yìí wò ní Nàìjíríà. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2018 rí mẹ́dọ̀wú B lára nǹkan bí 8 nínú àgbàlagbà 100. Àwọn ènìyàn yìí gan-an ni ògì, ẹ̀kọ, kúlíkúlí àti ẹ̀pà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Àwọn kan á ní kí ni ìdààmú wa, bí àwọn onímọ̀ bá ti mọ jíìnì tó bàjẹ́, wọn kò ha lè tún un ṣe? Wọ́n ń gbìyànjú, mo sì ń bá wọn yọ̀ sí gbogbo ìgbésẹ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí oògùn kan tó ń jẹ́ Gendicine, tó ń gbé ojúlówó p53 wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ni wọ́n fọwọ́ sí i. Fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ti gbilẹ̀, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí pé ó ń mú ẹ̀mí aláìsàn gùn ni sorafenib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2007. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n fi dán an wò, àfikún tó fún àwọn aláìsàn kò pé oṣù mẹ́ta. Oògùn tó dára jù ú ti dé lẹ́yìn rẹ̀, owó rẹ̀ sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé wa. Ohun tó fà á ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ jẹjẹrẹ nígbà tí a bá rí i ti tó àìmọye, kì í ṣe àbùkù kan ló wà nínú rẹ̀ mọ́, àfi kí ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀ṣọ́ padà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn láìku ẹyọ kan. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹlòmíràn á ní àwọn baba wa jẹ ẹ̀pà, wọ́n jẹ àgbàdo, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkankan. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ikùn rẹ̀ wú tó sì kú ní ẹni ogójì ọdún láyé àtijọ́, àjẹ́ tàbí ọ̀tá ni wọ́n ń sọ pé ó ṣe é, tàbí wọ́n ní ó tẹ òfin kan lójú. Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́tà tó yí padà nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ará Qidong kò mọ àjẹ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ló jẹ oúnjẹ tó bu tí wọn kò ní jẹjẹrẹ, nítorí pé ewu ni à ń sọ, a kò sọ pé gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ló máa mú. Ọtí àmujù náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, n kò jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọtí bo ọ̀rọ̀ àgbàdo mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí àrùn yìí ń pa lọ́dọ̀ wa kò fẹnu kan ọtí rí.

Ẹ̀rí wà pé a lè dá a dúró, ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ jù nìyí. Láàrin àwọn ọdún 1980, àwọn ará Qidong kúrò nídìí àgbàdo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrẹsì tí aflatoxin kì í fi bẹ́ẹ̀ bá jà. Aflatoxin inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ pátápátá, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dín kù gidigidi lẹ́yìn náà, kódà láàrin àwọn tí wọ́n ti bí kí abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ nìkan ti tó, kí ó wo Qidong. Ní Guinea, tí kò jìnnà sí wa, àwọn olùwádìí mú abúlé 20, wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní mẹ́wàá nínú àwọn abúlé náà bí wọ́n ṣe máa ṣa ẹ̀pà tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n sá a lórí ẹní dípò ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n kó o sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí wọ́n gbé àpò náà ka orí pákó. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2005: lẹ́yìn oṣù márùn-ún tí wọ́n ti kórè, aflatoxin inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé wọ̀nyẹn kò tó ìdajì ti àwọn abúlé yòókù. Ẹní, àpò, pákó, àti ojú tó ń ṣa ẹ̀pà. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA àti àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà ṣe Aflasafe, ìyẹn irú Aspergillus flavus kan náà láti ilẹ̀ wa tí kò lè tu májèlé. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, á sì gba àyè mọ́ èyí tó ń tu májèlé lọ́wọ́. Aflatoxin inú àgbàdo tí wọ́n fi ṣe é sábà máa ń fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dín kù, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B ní ọdún 1984. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàrin ọmọ ọdún 6 sí 14 wálẹ̀ láti 0.70 nínú 100,000 sí 0.36. Ìdajì ló dín kù, lára ọmọdé. Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ yìí kún ètò àjẹsára rẹ̀ ní ọdún 2004, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fún ọmọ ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tí mẹ́dọ̀wú B bá mú nígbà ìbí, nǹkan bí 90 nínú 100 irú wọn ni kòkòrò náà á bá gbé títí ayé. Àgbàlagbà tó bá mú, kò tó 5 nínú 100. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣe gbọ́dọ̀ wọ ara ọmọ láàrin wákàtí 24 tí a bí i. Kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kó má tún wá di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹnu kan kù tí n kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ẹnu tálákà. Ìyá tó ra kóńgò àgbàdo kan fún ọmọ mẹ́rin á ní, bí mo bá ṣa èyí tó bu dànù, kí ni kí n fi ṣe ògì? Ebi òní ń pa, jẹjẹrẹ ọgbọ̀n ọdún sí i ni ẹ̀yin ń sọ. Kò sí ìdáhùn kankan tó rọrùn sí èyí, ẹni tó bá ní ó rọrùn kò tíì lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ibi tí ẹrù náà wà. Sísè kì í pa aflatoxin tán, yíyan kì í pa á tán, nítorí náà kí a má ṣe tan ìyá yìí pé iná á bá a pa á run. Bí wọ́n bá tètè sá àgbàdo gbẹ, tí wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ohun tí yóò ṣà dànù á kéré. Ìyẹn kì í ṣe ọwọ́ ìyá náà. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni, ọwọ́ oníṣòwò tó ń kó àpò jọ sínú ìṣọ̀ tó ń jò ni, ọwọ́ ìjọba tó lè kọ́ ibi ìságbàdo sí ìletò kọ̀ọ̀kan, tó lè bá àgbẹ̀ gbé nínú owó Aflasafe, ni. Èyí tó bà jẹ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń fi í ṣe oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Bí màlúù bá jẹ ẹ́, májèlé náà ń bá wàrà rẹ̀ jáde, á sì padà wọlé tọ ọmọ wa wá. Owó tí à ń ná sórí ìtọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ á kọ́ ibi ìságbàdo púpọ̀.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ mi, yálà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kétu, ọmọ tí ẹ bá gbẹ̀bí rẹ̀ lálẹ́ Sátidé kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ Ajé kó tó gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú rẹ̀. Ẹ̀yin aboyún, kí ẹ tó kúrò níbi ìbímọ, ẹ bèèrè pé ṣé wọ́n ti fún ọmọ yín, ẹ má sì lọ bí wọn kò bá tíì fún un. Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe rí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B. Bí wọ́n bá rí i, kò sí ìdí fún ìtìjú, oògùn wà tó ń dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí.